Ẹni Tí Ń Bá Mubeenah Sáré

Treichville, Abidjan
14 juillet 2024

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú àìrírawa. Bí kì í bá ṣe ti etí yín tó dí, fóònù ni ǹ bá máa fi bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé lẹ́tà ló tẹ́ yín lọ́rùn, pé ẹni tó ń kọ̀wé máa ń ronú kó tó parọ́. Alágbà Tidjani tó ń kó ọjà lọ sí Ṣakí ló máa mú èyí wá fún yín. Ẹ fi èsì rán wọn padà.

Àǹtí Ràmúlátù ní kí n kí yín, pé àwọn ò gbàgbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn. Ọjà ike àti abọ́ tí a ń tà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá mi, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Mo ti ń sáré. Kì í ṣe pé mo ń sá fún ẹnikẹ́ni o, eré ìdárayá ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ara mi wúwo. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá sì délé, oorun ò ní kùn mí. Anita, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti tiwa, ló ní kí n máa bá òun jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo wọ ṣòkòtò gígùn, mo so ìbòrí mi le, a sáré gun afárá tó lọ sí Plateau. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo bì sára irin afárá. Anita rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ wò mí báyìí. Kóòṣì Hervé tó ń kó àwa obìnrin jọ ní kí n múra sílẹ̀ fún ìdíje oṣù kọkànlá, wọ́n ní eré wà lára mi tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ máa ń ro àwọn. Èmi, bí mo bá ti sáré dé àyè kan, ńṣe ni gbogbo nǹkan máa dákẹ́. Mi ò ní gbọ́ ọkọ̀, mi ò ní gbọ́ èémí ara mi. Ẹsẹ̀ á máa lọ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ojú mi bá tún máa là, mo ti wà ní òdìkejì ọ̀sà, mi ò sì ní rántí pé mo gun afárá kankan.

Ìyá kan ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ afárá, ọmọ ẹ̀yà Dioula ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó di búrẹ́dì méjì fún mi. Mo ní ẹyọ kan ni mo fẹ́. Ó ní ti ẹnì kejì mi ńkọ́, èyí tí a jọ máa ń sáré kọjá. Mo ní Anita ò wá lónìí. Ó ní òun mọ Anita, kì í ṣe Anita ni òun ń wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo mú búrẹ́dì mi, mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irú gbígbẹ díẹ̀ rán Alágbà Tidjani. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ò lóòórùn.

Ọmọ yín,
Mubeenah


Modéke, Ìgbòho
18 oṣù kẹjọ, 2024

Mubeenah,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Iṣu tuntun ti jáde. Irú wà nínú àpò dúdú, má jẹ́ kí omi kàn án.

Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni o ti ń ṣe nǹkan yìí, oṣù keje ni o tó sọ fún mi, ìdajì ni o sì sọ. Ta ni ẹnì kejì tí obìnrin oníbúrẹ́dì rí? Ṣé o rò pé gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Ọkùnrin ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí, kí ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá rí àǹtí rẹ. Kí ni ẹ ń sá pàdé ara yín lórí afárá lójúmọ́ fún? Wọ́n fi ọ́ ṣọwọ́ sí òwò, ìwọ wá sọ ara rẹ di ẹni tó ń sá kiri ìgboro.

A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ni. Èwo ni tìrẹ nínú méjèèjì? Fún mi lésì tó ṣe tààrà.

Mo tún ka ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ ni èmi ń gbé láti ìgbà tí ibà ti gba etí mi. Má ṣe rò pé ó ṣófo.

Ìyá rẹ,
Sàlímátù


Treichville
8 septembre 2024

Ìyá mi,

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo kí yín, mo tún yín kí. Irú dé, Àǹtí Ràmúlátù ti se é, ilé kún fún òórùn Ìgbòho.

Kì í ṣe ọkùnrin. Mo fi Ọlọ́hun búra. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ.

Ẹ béèrè ohun tí mo ń lé. Mo ti ro ó dáadáa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, oorun ni mo ń wá. Nígbà tí Kóòṣì yìn mí lójú àwọn tó kù, ìyìn wọn ni mo ń lé. Wọ́n dárúkọ ìdíje, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé ipò kìíní. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ti bọ́ kúrò lára mi. Bí wọ́n bá ní kò sí ìdíje mọ́, tí kò sì sẹ́ni tó máa wò mí, màá ṣì jáde láàárọ̀ ọ̀la. Ibi tó dákẹ́ yẹn ni mo ń lọ. Bí mo bá débẹ̀, kò sí àárẹ̀, kò sí ọjà, kò sí pé mo jìnnà sílé. Ẹsẹ̀ mọ ohun tó máa ṣe kí n tó rò ó. Kóòṣì ní ohun rere ni, pé eré ló wọ̀ mí lára, ọ̀pọ̀ eléré ló ń wá a tí wọn ò rí. Anita ní òun náà ti débẹ̀ rí. Mo bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní rárá.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Kóòṣì kó wa lọ sí Songon kí a lè sáré ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà. Ìkùukùu bo omi náà. A ń gbọ́ àwọn apẹja tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, a ò rí wọn. Kò pẹ́ tí a gbéra, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ ní apá òsì mi. Ìgbà tí tèmi bá balẹ̀ ni tiẹ̀ ń balẹ̀, àfi pé ó fi díẹ̀ ṣáájú. Kò bà mí lẹ́rù. Ó dà bíi pé mo ti ń retí rẹ̀. Bó bá yára, èmi náà á yára, ó sì dùn, ìyá mi, mi ò lè parọ́ fún yín, ó dùn ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe rí láyé.

Àṣé mo ti kọjá ibi tí wọ́n ní ká dúró tipẹ́tipẹ́. Kóòṣì gun alùpùpù lé mi. Wọ́n ní àwọn pè mí títí, mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n dì mí léjìká mú, wọ́n ní, "Comment tu t'appelles?" Kí ni orúkọ mi? Mo wá orúkọ mi, mi ò rí i. Ẹnu mi là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó padà wá.

Nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n fà mí sẹ́yìn, wọ́n rọra bi mí pé, "Et l'autre, elle est où?" Ẹnì kejì dà? Mo ní ẹnì kejì wo. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í fẹ́ kí ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbàdúrà fún mi, kí ẹ sì tètè fèsì.

Mubeenah


Treichville
6 octobre 2024

Ìyá mi,

Alágbà Tidjani lọ wọ́n bọ̀, wọn ò mú nǹkan kan wá láti ọ̀dọ̀ yín. Ṣé ara yín ò yá ni? Àbí ìbínú ni? Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Láàárọ̀ àná mo ti eré dé, òógùn bò mí. Àǹtí Ràmúlátù ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Wọ́n wò mí, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìgbà wo ni mo tún jáde, ṣebí mo ti wọlé lọ wẹ̀, àwọn sì kí mi kú eré. Àwa méjèèjì lọ wo ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Aṣọ ìnura mi wà lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀.

Àǹtí ò jẹ́ kí n dá sùn mọ́. Wọ́n ní kí n pa eré tì. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo jókòó sílé láàárọ̀ yìí, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lọ, tó ń sáré bọ̀ lójú títì, bí ẹni tó ń dúró dè mí.

Mubeenah


Modéke, Ìgbòho
20 oṣù kẹwàá, 2024

Ọmọ mi,

Ibà ló gbé mi dè. Kì í ṣe ìbínú. Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sì kà wọ́n títí ìwé fi fẹ́ ya.

Mo ti fi ẹ̀sùn ọkùnrin kàn ọ́. Ì bá sì jẹ́ ọkùnrin, ọkàn mi ì bá balẹ̀ jù báyìí lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. O kéré nígbà tí etí mi dí. Àwọn èèyàn ń ṣàánú mi, wọn kò mọ̀ pé ó dùn mọ́ mi. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, n kò ní mọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ àtàrí. Ẹnì kan máa ń jókòó tì mí. N kò yíjú wò ó, nítorí mo mọ̀ pé ojú ara mi ni n ó rí. Lọ́jọ́ kan ó dìde, èmi náà dìde láti bá a lọ. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló bá di ọwọ́ mi mú. Kò sọ̀rọ̀, ó kúkú mọ̀ pé n kò lè gbọ́. Ó dì í mú títí mo fi padà jókòó. Ọwọ́ èèyàn ló ń dá èèyàn padà, Mubeenah. N kò mọ oògùn mìíràn.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí o má lọ sí ìdíje náà. Mo ya ìwé náà. Mo mọ ẹni tí mo bí. Lọ sá eré rẹ. Ṣùgbọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún Anita, má tijú. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní kí ó máa ṣọ́ ọ, pé bí ó bá rí i tí o fẹ́ kọjá ibi tó yẹ kí o dúró, kí ó dì ọ́ mú, kódà bí ìwọ bá bú u.

Má sì ṣe bá ẹni yẹn jà. Ohun tó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, n kò rò pé ọ̀tá ni.

Ìyá rẹ


Treichville
17 novembre 2024

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin àti Anita lẹ jẹ́ kí n wà láyè láti kọ èyí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Anita bí ẹ ṣe wí. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní òun ò ní jìnnà sí mi.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú èyí ni ìdíje. Láti Treichville la ti gbéra, a gba títì ńlá tó kọjá sí Koumassi, níbi tí wọ́n gbé àgbá pupa kan sí láàárín ọ̀nà. Ẹni tó bá dé ìdí àgbá á yí i po, á padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn ò bá yí padà níbẹ̀, ọ̀nà Bassam ló ń lọ yẹn. Ọ̀nà náà ni mo gbà wọ Abidjan lọ́jọ́ tí mo ti ilé dé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Ghana, Togo, Benin, títí dé ilé wa.

Èrò pọ̀, ìlù, fèrè, àwọn ọmọdé tó ń na ọwọ́ sí wa. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ náà. Mo ń kọjá lára àwọn obìnrin tó wà níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n dúró sójú kan, títí kò fi sí ẹnikẹ́ni níwájú mi mọ́. Ìyá mi, èmi ni mo wà ní ipò kìíní.

Ìgbà yẹn ni ẹni náà bọ́ síwájú. Mi ò rí i rí láti ọjọ́ yìí, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbòrí mi ló dè, nọ́ńbà ìdíje mi ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bàtà mi ló wọ̀. Bó ṣe ń sáré lẹ́wà jù. Mo wò ó, mo mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń fẹ́ sáré gan-an nìyẹn. Ó dé ìdí àgbá, kò yà. Ó ń lọ tààrà sí ọ̀nà Bassam. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní ṣàpèjúwe ojú rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ bí i.

Mo tẹ̀ lé e. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọjá àgbá náà.

Ohun tí mo tún mọ̀ ni ìrora. Anita, tó ti ń sáré tẹ̀ lé mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ti di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé sínú ẹran mi. Mo bú u. Mo gbá a lójú, ìyá mi. Kò jọ̀wọ́ mi. Ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ mi, "Mubeenah, Mubeenah," bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn, títí etí mi fi là. Ọkọ̀ ńlá kan tó ru igi ré kọjá iwájú wa gan-an, atẹ́gùn rẹ̀ tì wá sẹ́yìn. Wọn ò dí ọ̀nà ibẹ̀ fún eré. Bí mo bá fi díẹ̀ ṣáájú ni, abẹ́ rẹ̀ ni wọn ì bá ti wá mi.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá, mo wo ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

A fẹsẹ̀ rìn padà. A wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Anita pàdánù eré tirẹ̀ nítorí mi, kò sì dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Kóòṣì Hervé fún wa lómi, wọ́n wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá nǹkan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n tún wo ojú mi.

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá sáré, ariwo nìkan ni mò ń gbọ́, àti bàtà tó ń gbá ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dà bí èyí tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Mo ń tajà, mo ń rẹ́rìn-ín fún oníbàárà, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín náà nínú. Àǹtí ní mo dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò.

Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Mubeenah


Modéke, Ìgbòho
Ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù kejìlá, 2024

Mubeenah, ọmọ mi,

Kí Ọlọ́hun bá mi kí Anita. Sọ fún un pé ó ti di ọmọ mi.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò fèsì, nítorí n kò mọ ohun tí n ó sọ. Láàárọ̀ yìí mo ti mọ̀ ọ́n.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo ń ká aṣọ lórí okùn. Ọyẹ́ ti mú, eruku bo ojú ọ̀nà. Mo gbójú sókè, mo rí ọ tí o ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣakí. Eré ni o ń sá. Mo rò pé o fẹ́ yà mí lẹ́nu ni, pé o ti wọ ọkọ̀ wá sílé láìsọ. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo gbá ọ mọ́ra. Ọwọ́ rẹ tutù bí ìsàlẹ̀ àmù. Mo ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, mo sì ń wo ètè rẹ kí n lè mọ ohun tí o ń wí, ètè náà kò mì. Kadi, ìyàwó ilé kejì wa, wá tọrọ iyọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ọ kú ìrìn. O rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó lọ, mo wo ẹ̀yìn rẹ, mo rí nọ́ńbà tí eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, àti pé ìwọ ni.

N kò pariwo. Mo fún un lómi, ó mu ún. Kò fẹ́ oúnjẹ. Mo tẹ́ ẹní fún un ní yàrá mi. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sinmi. Lábẹ́ aṣọ tí mo fi bò ó, ńṣe ni ẹsẹ̀ méjèèjì ń sáré. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Gbogbo ọ̀nà yẹn, òun nìkan. Mo bu òrí, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo sì ń fi pa á, àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ ìka, kókósẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré tí ọyẹ́ bá la ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dúró. Nígbà tí wọ́n dúró, èmi náà sùn.

Kí n tó kí àsùbáà, mo rí i tó ti dìde, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo di ojú rẹ̀ mú sọ́dọ̀ mi, mo sọ fún un pé, "Padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan kò lè dá wà, ìwọ náà kò sì lè dá wà. Ẹ máa rọra sáré." Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi bí èmi náà ṣe máa ń tẹjú mọ́ ẹnu àwọn èèyàn. Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo eruku ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi àti ti Kadi nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí ó bá dé, má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́tà yìí lè pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Òun yóò ti ṣáájú rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Sàlímátù


Treichville
15 décembre 2024

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mi ò tíì rí èsì lẹ́tà tí mo kọ lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró de Alágbà Tidjani kí n tó kọ èyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Àǹtí Ràmúlátù ló jí mi. Wọ́n ní òórùn kan gba gbogbo yàrá, bí òórùn ilé àwọn àgbà ní Ìgbòho. Wọ́n ṣí aṣọ tí mo fi bora. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń dán, ó rọ̀ bí ti ọmọ tuntun, ìdọ̀tí pupa sì wà lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ mi, irú erùpẹ̀ tí kò sí ní Treichville. A wá gbogbo inú ilé, kò sí òrí níbì kankan. Àǹtí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọn ò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún.

Ebi ń pa mí. Mo jẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò, ó dùn. Mo wọ bàtà mi, mo lọ pe Anita. A gun afárá pọ̀. Ní àárín rẹ̀, gbogbo nǹkan dákẹ́, mo sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa: ẹsẹ̀ Anita lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àti ẹsẹ̀ tèmi. Mi ò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí a dé òdìkejì, Anita ní kí n dúró, mo dúró. Ó ní kí ni orúkọ mi, mo sọ ọ́ fún un.

Ìyá mi, ẹ dákun, ta ló wá fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀?

Ọmọ yín,
Mubeenah